Kámẹ́rà tí omi kì í wọ̀: Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń lò ó, àti ohun tí ó máa ń bà á jẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bá odò lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í sún mọ́ ibú débi tí omi yóò fi gbé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kámẹ́rà rí. Kámẹ́rà lásán kì í sábà kú sínú omi, nítorí pé ẹni tí ó ni ín kò jẹ́ gbé e dé etí odò láìfi nǹkan bò ó. Èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé omi kò lè wọ̀ gan-an ni omi máa ń pa, nítorí pé ọkàn ẹni tí ó ni ín ti balẹ̀ jù.

Kámẹ́rà tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwọn tí ó fi iṣẹ́ abẹ́ òkun ṣe oúnjẹ òòjọ́ ń gbé sínú àpótí irin wọ ìsàlẹ̀ ibú. Kámẹ́rà kékeré ni, tí ó ṣe é fi sápò, tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n sì fi rọ́bà dí gbogbo ibi tí omi lè gbà wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó lọ gba afẹ́fẹ́ sára ní etíkun, ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, tàbí ẹni tí ó lọ wo omi tí ń já ṣòòròṣò láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lè fi irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ya fọ́tò láìjẹ́ pé ó kọ́ṣẹ́ ayàwòrán. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. TG-7 tí iléeṣẹ́ OM System gbé jáde ní ọdún 2023, nǹkan bí 550 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá ná irú owó bẹ́ẹ̀, tí omi sì ba kámẹ́rà náà jẹ́ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé e wọ odò nítorí pé irun kan ṣoṣo há sí ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀, kò rí ẹni bá ṣẹjọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ó tó sanwó.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni ọmọ ènìyàn ti ń wá bí yóò ṣe ya àwòrán ohun tí ó wà nísàlẹ̀ omi. Ní ọdún 1856, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń jẹ́ William Thompson ti kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ inú àpótí, ó so àpótí náà mọ́ ọ̀pá, ó sì rì í sínú òkun ní Weymouth. Omi wọ inú kámẹ́rà náà, síbẹ̀ àwòrán tí ó yà kò bàjẹ́ tán. Ó yẹ fún àkíyèsí pé láti ìgbà náà gan-an ni omi ti ń wá ọ̀nà wọlé. Ní ọdún 1893, Louis Boutan, onímọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá inú omi ní ilẹ̀ Faransé, wọ aṣọ òmùwẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ sínú òkun ní Banyuls-sur-Mer láti lọ ya àwòrán níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó pẹ́ gan-an tí ó fi jẹ́ pé àpótí ni wọ́n ń fi bo kámẹ́rà kí wọ́n tó gbé e wọ omi. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Jean de Wouters, ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà nígbà tí ó ṣe kámẹ́rà kan fún Jacques Cousteau, ìlúmọ̀ọ́ká òmùwẹ̀ ọmọ Faransé. Calypso ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe orúkọ ọkọ̀ ojú omi Cousteau. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ni pé kò nílò àpótí kankan. Ara kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ ni ó ń dí omi lọ́nà. Ní ọdún 1963, iléeṣẹ́ Nikon ti ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lábẹ́ orúkọ Nikonos, wọn kò sì dáwọ́ irú kámẹ́rà náà dúró títí di ọdún 2001.

Nikonos jẹ́ ti àwọn tí ó mọ iṣẹ́. Ti gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nígbà tí ó yá. Ní ọdún 1980, Minolta gbé kámẹ́rà kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹyin ìyeyè tí ó pọ́n jáde, Weathermatic A ni orúkọ rẹ̀, ó sì lè dé mítà 5 nínú omi. Nígbà tí ayé kámẹ́rà aláìnífíìmù dé, Pentax mú Optio WP jáde ní ọdún 2005. Mítà 1.5 péré ni ó lè dé, kò sì gbọ́dọ̀ lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ níbẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Olympus mú 720 SW jáde. Èyí lè dé mítà 3, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn láti mítà 1.5, wọ́n ní kò ní fọ́. Láti ibẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn du ta ni tirẹ̀ yóò rì jìnnà jù. TG-1 ti Olympus dé mítà 12 ní ọdún 2012. AW130 ti Nikon dé mítà 30 ní ọdún 2015. FT7 ti Panasonic dé mítà 31 ní ọdún 2018. XP140 ti Fujifilm dé mítà 25 ní ọdún 2019. Ní tirẹ̀, Olympus dúró sí mítà 15 láti orí TG-2 tí ó jáde ní ọdún 2013, iye kan náà ni ó sì wà lára TG-7 lẹ́yìn tí iṣẹ́ kámẹ́rà iléeṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn ní ọdún 2021, tí orúkọ rẹ̀ sì di OM System.

Òrùka rọ́bà ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà

Bí ènìyàn bá yẹ TG-7 wò dáadáa, yóò rí i pé ìlẹ̀kùn méjì ni ó ní. Èkíní wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń ki bátìrì àti káàdì tí ń tọ́jú fọ́tò bọ̀. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Ní etí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó yí i ká. Nígbà tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn náà, tí wọ́n sì fi àgádágodo kékeré rẹ̀ dè é, rọ́bà yìí yóò rún mọ́ ara kámẹ́rà pinpin, kò sì ní sí àlàfo tí omi lè gbà wọlé. Gbogbo ohun tí kámẹ́rà náà ní láti fi bá omi jà kò ju èyí lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé bí ènìyàn bá ń rì lọ sísàlẹ̀, omi fúnra rẹ̀ ń ran rọ́bà náà lọ́wọ́, nítorí pé ó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara kámẹ́rà síi. Ṣùgbọ́n bí irun kan, hóró iyanrìn kan, tàbí fọ́nrán òwú kan láti ara aṣọ ìnura bá há sí abẹ́ rọ́bà náà, àlàfo ti wà. Omi kò nílò ju ìyẹn lọ. Ó lè wọlé ní ibi tí kò jìn ju orúnkún ọmọdé lọ, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò sí ìgbì, ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ní òun kò ní bẹ̀rù nítorí pé òun kò lọ síbi tí ó jìn ti ṣi ọ̀rọ̀ náà lóye.

Rọ́bà sì ń gbó. Oòrùn ń gbẹ ẹ́, iyọ̀ ń jẹ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń tì í náà ń yọ́ ọ lẹ́rẹ́. Nítorí èyí ni iléeṣẹ́ tí ó ṣe TG fi máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà rẹ̀ pé kí àwọn tí ó bá ń lò ó pààrọ̀ rọ́bà náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọṣẹ, ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan, òróró ìpara àti oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fín kò dára fún un rárá.

Ìtumọ̀ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára

Bí wọ́n bá kọ mítà 15 sí ara kámẹ́rà, kí ni ó túmọ̀ sí? Ní gbogbo mítà 10 tí ènìyàn bá rì lọ sísàlẹ̀ òkun, omi yóò fi nǹkan bí ìwúwo kìlógíráàmù 1 kún ohun tí ó ń tẹ ibi tí kò tóbi ju èékánná lọ. Ní mítà 15, ó ti di kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ lórí èékánná kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ jẹ́ ẹ̀rí pé kámẹ́rà tuntun, tí rọ́bà rẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì rọra rì sínú omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, fara da ìwúwo náà fún àkókò tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ dá. WG-80 tí Ricoh ṣe ní ọdún 2022, fún àpẹẹrẹ, wákàtí méjì ni wọ́n dá fún un ní mítà 14.

Kò sí ìdánwò kankan nínú èyí fún ẹni tí ó ti orí pátákó fò sínú adágún pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́. Bí kámẹ́rà bá fi agbára lu ojú omi, ohun tí ó tẹ ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn lè ju ti ibi tí ó jìn lọ. Bákan náà ni ìgbì òkun tí ó fọ́ mọ́ ènìyàn lára, àti omi tí ń já láti òkè àpáta. Ẹni tí ó bá dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lè lo kámẹ́rà rẹ̀ nínú omi tí ó rọra gún sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbé e sí abẹ́ ibi tí omi ti ń já gan-an.

Ọ̀rọ̀ ooru tún wà níbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ sábà máa ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn má ṣe gbé kámẹ́rà yìí wọ omi gbígbóná tí ń sun láti inú ilẹ̀. Àwọn tí ó bá ń lọ sí Ìkógòsì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì gbọ́dọ̀ ka èyí sí. Omi gbígbóná ibẹ̀ tó ìwọ̀n ooru 70 níbi tí ó ti ń sun. Ibi tí òun àti omi tútù ti pàdé ni ó ti ń lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 37. TG kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí ooru bá ti ju ìwọ̀n 40 lọ. Kí ènìyàn dúró sórí ilẹ̀ ya fọ́tò orísun náà ni ó dára jù.

Ẹ̀kẹta ni ìṣubú. Orí páálí kan náà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé kámẹ́rà kò lè fọ́ bí ó bá já bọ́, àti pé omi kò lè wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí ó bá já lu kọnkéré ní àárọ̀ lè máa ya fọ́tò dáadáa, kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ti yẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Ìwé ìlànà sọ pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò kí ó tó tún wọ omi.

Kí ni omi ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe?

Bí kámẹ́rà bá tilẹ̀ yè, fọ́tò lè má dára. Ohun tí ó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni pé gbogbo ohun tí wọ́n yà máa ń rí bí ẹni pé wọ́n da aró sí i. Omi ni ó fà á. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ nínú, omi sì ń gbé àwọn àwọ̀ náà mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa ni ó kọ́kọ́ ń pòórá. Bí ènìyàn bá fi aṣọ pupa bí àlàárì há eyín, tí ó sì rì dé nǹkan bíi mítà 5 nínú òkun, àlàárì náà yóò dà bí aṣọ tí ó ti dúdú, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ṣí. Lẹ́yìn pupa ni àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ìyeyè. Búlúù ni ó ń pẹ́ jù kí ó tó lọ.

Kì í ṣe bí omi ti jìn tó láti òkè wá sísàlẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe èyí. Omi tí ó wà láàárín kámẹ́rà àti ohun tí à ń yà náà ń gba àwọ̀ tirẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ nígbà tí ó bá ń ti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́yìn dígí kámẹ́rà. Nítorí náà ni ohun gbogbo ṣe ń dà bí ẹni pé ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin sún mọ́ni ju bí ó ti rí lọ, tí ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi síi. Ẹni tí ó bá rò pé ẹja wà ní mítà mẹ́ta, mítà mẹ́rin ni ó wà sí i gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń yà á

Nínú gbogbo èyí ni òfin àkọ́kọ́ ti jáde, pé kí ènìyàn sún mọ́ ohun tí ó fẹ́ yà. Bí ó bá ṣe é ṣe, kí ó má ju ìwọ̀n apá kan lọ. Kí ènìyàn má ṣe fi kámẹ́rà fa ohun tí ó jìnnà wá sítòsí, nítorí pé omi àti ìdọ̀tí tí ó wà láàárín ni yóò fà wá pẹ̀lú. Kámẹ́rà TG lè ríran kedere sí ohun tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ sí ojú rẹ̀, nítorí náà òkúta wẹ́wẹ́ inú odò, ìgbín omi àti akàn kékeré jẹ́ ohun tí ó mọ̀ ọ́n yà ju ohun ńlá tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán lọ.

Òfin kejì ni oòrùn. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, oòrùn wà lókè dáadáa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ inú omi ju ti àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ lọ, nígbà tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ta padà láti ojú omi. Fún ẹni tí kì í ṣe òmùwẹ̀ àgbà, mítà méjì àkọ́kọ́ ni ibi tí fọ́tò ti dára jù, nítorí pé pupa kò tí ì lọ tán níbẹ̀.

Òfin kẹta ni pé kí ènìyàn rẹlẹ̀ ju ohun tí ó ń yà lọ, tàbí kí ó wà ní ojúkojú pẹ̀lú rẹ̀. Bí bàbá bá dúró lókè adágún tí ó ń ya ọmọ rẹ̀ tí ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn orí àti ilẹ̀ adágún ni yóò rí. Bí ó bá rì díẹ̀, tí ó sì kọjú kámẹ́rà sókè, yóò rí ojú ọmọ náà, ẹ̀rín rẹ̀, àti ojú omi tí ń tàn lókè rẹ̀ bíi dígí.

Ti iná kámẹ́rà, èyí tí ń ṣẹ́ yẹ̀rì, pípa ni kí wọ́n pa á lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú omi tí ó ní erùpẹ̀, iná náà yóò tàn sára gbogbo hóró ìdọ̀tí tí ó wà níwájú, fọ́tò yóò sì dà bí ibi tí òjò dídì ti ń rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà yìí ni ó ní ètò àkànṣe fún abẹ́ omi, èyí tí ń dá pupa padà díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún fọ́tò rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà lè fi kámẹ́rà sí RAW, èyí tí ó ti wà lára TG láti orí TG-4 ti ọdún 2015. Kí ènìyàn sì máa fi ìka nu dígí ojú kámẹ́rà lábẹ́ omi, nítorí pé ìfófó kékeré máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí wọ́n ti ń lò ó náà ṣe pàtàkì. Kò sí kámẹ́rà tí ó lè ríran nínú omi tí ojú ènìyàn kò lè ríran nínú rẹ̀. Odò Ògùn ń tú sínú ọ̀sà Èkó, odò Ọ̀ṣun ń tú sínú ọ̀sà Lẹ́kì, ẹrẹ̀ tí wọ́n sì ń kó bọ̀ ní àsìkò òjò máa ń pọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni odò ilẹ̀ wa sábà ń mọ́ jù, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sì ni ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo odò ni ènìyàn kàn ń bọ́ sí. Odò tí ó ní èèwọ̀, bí irú èyí tí ó gba inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kọjá, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ ogún àjọni gbogbo ayé ní ọdún 2005, àwọn tí ń ṣọ́ ọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ wọn.

Ìtọ́jú kí ó tó wọ omi àti lẹ́yìn tí ó bá jáde

Ilé ni kí wọ́n ti ki bátìrì àti káàdì bọ kámẹ́rà, kì í ṣe orí iyanrìn etíkun tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn méjèèjì, kí wọ́n yẹ rọ́bà wò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi aṣọ tí kì í ré fọ́nrán nù ún yípo pẹ̀lú ibi tí ó ń bá pàdé. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tì í, kí wọ́n fi àgádágodo rẹ̀ dè é, kí wọ́n sì tún un wò lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Kí wọ́n má ṣe fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, kí wọ́n sì gbé e ju sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó wà nínú rẹ̀ yóò di ìrì sí ẹ̀yìn dígí, fọ́tò yóò sì ṣú. Kí wọ́n tún so ó mọ́ okùn tí ń léfòó. TG-7 wúwo tó gíráàmù 249, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́, yóò rì bí òkúta.

Bí wọ́n bá jáde nínú omi, kí wọ́n má ṣe sáré ṣí ìlẹ̀kùn láti wo ohun tí wọ́n yà. Omi iyọ̀ ṣì wà ní etí ìlẹ̀kùn náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi kámẹ́rà sínú abọ́ omi tí kò ní iyọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì fi í síbi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ ìbòòji títí yóò fi gbẹ. Bí iyọ̀ bá gbẹ sí ẹnu ìlẹ̀kùn, ó ń di hóró líle bíi yanrìn, èyí tí yóò dúró de rọ́bà títí di ọjọ́ mìíràn. Omi adágún tí wọ́n da kẹ́míkà sí náà gba kí wọ́n ṣàn án nù.

Bí omi bá ti wọlé ńkọ́? Kí wọ́n pa kámẹ́rà náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀, kí wọ́n má sì ṣe ki bátìrì náà bọ ibi tí wọ́n ti ń gbaná sí i. Kí wọ́n yọ káàdì, kí wọ́n fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò orí rẹ̀ kì í bàjẹ́. Kámẹ́rà ni ó lè má jí mọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ omi òkun.

Tòkunbọ̀ àti fóònù

Ẹni tí kò bá ní owó tuntun máa ń wá tòkunbọ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni yóò ti lò ó. Ṣùgbọ́n rọ́bà kámẹ́rà tí ó ti lo ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fọkàn tán. Ẹni tí ó tà á lè má tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó ti já bọ́ rí. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á wo ìlẹ̀kùn bóyá ó tì geere, kí ó wo rọ́bà bóyá ó ti sán, kí ó wo ẹ̀yìn dígí bóyá ìkúùkù wà níbẹ̀, kí ó sì wo ibi bátìrì bóyá ìpatà ti mú irin rẹ̀. Bí kò bá rí ẹni tí yóò bá a pààrọ̀ rọ́bà náà, kí ó kà á sí kámẹ́rà tí òjò lè pa, kí ó má kà á sí èyí tí ó lè wọ odò.

Àwọn kan ń béèrè pé, ṣé fóònù kò tó? Òótọ́ ni pé iPhone 7 ti ọdún 2016 lè fara da mítà 1 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ti iPhone 12 ti ọdún 2020 sì jẹ́ mítà 6 fún iye àkókò kan náà. Ṣùgbọ́n Apple fúnra rẹ̀ gba àwọn oníbàárà rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gbé e lúwẹ̀ẹ́, bí omi bá sì bà á jẹ́, kò sí nínú àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ojú fóònù tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ kì í gbọ́ràn lábẹ́ omi. Ohun tí ó tún ṣe kókó ni pé nọ́ńbà bánkì, lẹ́tà iṣẹ́ àti fọ́tò ọdún mẹ́wàá wà nínú fóònù. Bí kámẹ́rà bá kú, fọ́tò ọjọ́ kan ni ó lọ. Bí fóònù bá kú, gbogbo iṣẹ́ ẹni lè dúró.

Ẹ̀mí ju fọ́tò lọ

Kámẹ́rà máa ń gba ojú ènìyàn. Ẹni tí ó ń wo ojú kámẹ́rà kò ní rí ìgbì tí ń bọ̀, kò sì ní mọ̀ pé omi ti ń wọ́ òun kúrò létí òkun. Òkun Èkó ní agbára tí ń fa ènìyàn sẹ́yìn, ẹ̀mí sì ti bá a lọ níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nìkan wọ omi torí fọ́tò. Kí ẹnìkan máa yà, kí ẹlòmíràn máa ṣọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n ń yà, kí ẹni tí ń ṣọ́ ọmọ má jẹ́ ẹni tí ó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́.

Etí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dun ènìyàn láti nǹkan bíi mítà méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn òmùwẹ̀ máa ń fún imú pọ̀, wọn a sì rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó lè fúyẹ́. Bí kò bá fúyẹ́, kí ènìyàn padà sókè. Ohun tí ó tún léwu gan-an ni kí ènìyàn máa mí kíákíá léraléra kí ó tó rì, kí ó lè baà pẹ́ nísàlẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dákú sínú omi láìmọ̀ pé ó ti rẹ òun, ibi tí kò jìn pàápàá ni ó sì ti lè ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí a bá wo gbogbo rẹ̀, kámẹ́rà tí omi kì í wọ̀ jẹ́ ohun èlò tí ó ṣe é gbádùn, ó sì ti mú ohun tí ó jẹ́ ti àwọn díẹ̀ nígbà ayé Boutan dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sí i lára kì í ṣe ìbúra pé omi kò ní wọ̀ ọ́ láéláé. Ìṣẹ́jú méjì tí ẹni tí ó ni ín fi yẹ rọ́bà rẹ̀ wò ní ilé, àti omi tútù abọ́ kan tí ó fi ṣàn án lẹ́yìn iṣẹ́, ni wọ́n ń mú kí nọ́ńbà náà jẹ́ òótọ́.